Rótìmí Fani-Káyọ̀dé àti Ilé Rẹ̀ Méjì

Ilé nínú èdè Yorùbá ju ògiri àti òrùlé lọ. Ayálégbé tó ti pẹ́ ní Ìkòtún tàbí Ìgándò, bí a bá bi í léèrè ilé rẹ̀, ìlú baba rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Láàárín ilé tí a ti ṣẹ̀ àti ilé tí a ń gbé ni Rótìmí Fani-Káyọ̀dé, gbajúmọ̀ ayafọ́tò, ti lo ayé rẹ̀.

Ọjọ́ 20, oṣù Kẹrin, ọdún 1955 ni a bí i ní Èkó. Olóyè Rẹ̀mílẹ́kún Fani-Káyọ̀dé, baba rẹ̀, jẹ́ Balógun Ifẹ̀ àti òṣèlú pàtàkì ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní 1966, ìdílé náà kó lọ sí Brighton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rótìmí kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Georgetown àti Pratt Institute ní Amẹ́ríkà. Ní 1983, ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Òun àti Alex Hirst, olólùfẹ́ rẹ̀, jọ ń gbé ní Brixton, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni ó ti ń ya ìhòòhò ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀, ìyẹ́ àti ìbòjú. Ó pe ọ̀kan nínú àwòrán 1987 ní Sonponnoi, èyí tí í ṣe orúkọ Ṣọ̀pọ̀nná. Ọkùnrin tí a fi àmì tótòtó kùn lára ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú àbẹ́là tó ń jó. Àkókò tí àrùn Éèdì ń pa àwọn ojúgbà rẹ̀ ni. Òrìṣà tó ni àrùn, tó sì ni ìwòsàn, ni ó ké pè.

Ní 1988, ó wà lára àwọn tó dá Autograph, ẹgbẹ́ àwọn ayafọ́tò aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀. Òun sì ni alága àkọ́kọ́. Lọ́dún kan náà, ó kọ ọ́ pé ohun mẹ́ta ló sọ òun di àjèjì: ìfẹ́ òun sí ọkùnrin, jíjìnnà sí ilé, àti pé òun kò di ọkọ ìyàwó oníṣẹ́ iyì tí àwọn òbí òun ń retí. Ó rò pé bí a bá pàtẹ àwòrán òun ní Èkó, rògbòdìyàn yóò ṣẹlẹ̀.

Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá, ọdún 1989, ní ẹni ọdún 34. Ní 2003, àwòrán rẹ̀ wà níbi àfihàn ńlá ti Venice. Ní 2014, òfin Nàìjíríà fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ọkùnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin níyàwó.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó sọ ọ́ ní Olúwarótìmí ń fẹ́ kí Ọlọ́run dúró tì wọ́n. Ọmọ náà kò kọ ilé sílẹ̀. Ó gbé òrìṣà ilé dé yàrá Brixton. Ó kù sọ́wọ́ ilé láti mọ̀ ọ́n lọ́mọ.