Thomas Sankara, Ológun Tí Ó Gbin Igi

Ìlú Yako ni a ti bí Thomas Sankara ní ọdún 1949. Iṣẹ́ ológun ni ó ń ṣe títí ó fi di olórí Upper Volta ní 1983. Ní 1984 ó sọ ilẹ̀ náà di Burkina Faso. Ọ̀dá ń bá wọn jà, aṣálẹ̀ sì ń sún mọ́ oko wọn. Ní 1985 ó gbógun ti igi gígé ní ìgékúgèé, pápá sísun, àti ẹran ọ̀sìn tí ń jẹ̀ káàkiri. Ó fẹ́ kí abúlé kọ̀ọ̀kan ní igbó tirẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó, wọn a gbin igi. Mílíọ̀nù 10 igi ni ìjọba rẹ̀ ní àwọn gbìn láàrin oṣù 15. Ní 1986 wọ́n kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà ní èdè abínibí wọn, èyí tí ó dùn mọ́ èmi akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú jọjọ.

Kì í ṣe pé mo ń fi í ṣe òrìṣà o. Ní 1984 ó lé olùkọ́ tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. N kò mọ bí a ti ń lé olùkọ́ kí ẹ̀kọ́ ó tó gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Sàngó-Ọ̀tà tiwa, ilé-iṣẹ́ ti gba ààyè igbó, òjò ńlá kan a sì sọ títì di odò. Síbẹ̀ n kò tíì lọ sí ìgbéyàwó kan tí a ti gbin igi.

Wọ́n yìnbọn pa Sankara ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 1987. Ẹni ọdún 37 ni.