Adùnní Olúwọlé: Láti Orí Ìtàgé Bọ́ Sójú Agbo Òṣèlú

Bí ẹ bá dúró ní Agbowó láàárọ̀, ẹ ó rí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń sọdá títì lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé. Kò jọ ẹnikẹ́ni lójú mọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dá yunifásítì yẹn sílẹ̀ ní 1948, ọmọ Ìbàdàn kan, obìnrin ni o, ti kó ẹgbẹ́ eléré tirẹ̀ jọ. Adùnní Olúwọlé ni orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1905 ni wọ́n bí i nílùú Ìbàdàn yìí, ní ìdílé jagunjagun. Nígbà tí àárín bàbá àti ìyá rẹ̀ kò gún mọ́, Èkó ni wọ́n forí lé, ní Aroloya, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St. John's. Wọ́n fà á lé Àlùfáà Adolphus Howells lọ́wọ́, ẹni tó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, òun ló sì fi í síléèwé. Ó di 1925 kó tó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí náà ni eré ti bẹ̀rẹ̀. Adùnní kọ eré kan fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀, ẹ sì gbọ́ ẹni tó ṣe alága lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é: Herbert Macaulay fúnra rẹ̀, bàbá tí àwa mọ̀ lórí náírà kan ayé ọjọ́un. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Nígbà tó yá, ó dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀, àwọn òpìtàn sì kà á sí obìnrin àkọ́kọ́ tó ní ẹgbẹ́ eléré tí ń fi eré ṣiṣẹ́ ṣe nílẹ̀ wa.

Bóyá ẹ ó ní kí ló wá le ńbẹ̀. Ẹ rántí Hubert Ògúndé. Lẹ́yìn tí òun náà dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, àwọn òbí kò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn bá a dórí ìtàgé, torí ojú oníṣekúṣe ni wọ́n fi ń wo obìnrin tó bá ń ṣeré. Ògúndé ní láti polówó pé akọ̀wé obìnrin lòun ń wá kó tó rí wọn! Irú ayé bẹ́ẹ̀ ni Adùnní ti ní kí wọ́n wá wòran òun.

Kò pẹ́ lórí eré. Ó ní òun rí ìran, ló bá di oníwàásù tí ń ti ìlú dé ìlú. Lójú tèmi, ohun tó kọ́ níwájú èrò ìwòran kò ṣòfò. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945, tí Michael Imoudu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá ìjọba òyìnbó fà á nítorí owó oṣù, Adùnní fowó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dojú rú rèé. Ní 1953 ni Anthony Enahoro gbé àbá kalẹ̀ nílé aṣòfin pé kí a gba òmìnira ní 1956. Gbogbo ìlú ń jó. Ní 1954, obìnrin yìí dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, Nigerian Commoners' Liberal Party, láti ní kò tíì yá. Ẹgbẹ́ K'Óyìnbó Máì Lọ ni àwọn ará ìlú ń pè é. Ohun tó ń sọ fáwọn àgbẹ̀ àtàwọn mẹ̀kúnnù ni pé bí agbára bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé wa kíákíá, ìyà ni wọ́n máa fi jẹ wọ́n. Wọ́n pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìjókòó 42 tó kan ìwọ̀ oòrùn nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún náà, NCNC mú 23, Action Group mú 18, ẹgbẹ́ Adùnní sì mú ọ̀kan tó kù, ní Ìkìrun. Ẹgbẹ́ tí kò tíì pé ọdún kan!

Èmi kò bá a lọ níbẹ̀ yẹn o. Òyìnbó tó ní kó dúró yẹn náà ni ọlọ́pàá rẹ̀ yìnbọn pa òṣìṣẹ́ èédú 21 ní Enugu ní 1949. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà ní Ìbàdàn ní 1965 sí 1966, tí ẹ fojú rí wẹ́tíẹ̀, tí ẹ rí ilé àti èèyàn tó ń jó nítorí ìbò, ṣé a lè pe ẹ̀rù tó ń bà á ní ọ̀rọ̀ òpònú?

Kò rí gbogbo ìyẹn. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló gbé e lọ ní 1957, ọdún kan náà tí ìwọ̀ oòrùn gba ìjọba ara rẹ̀, ọdún mẹ́ta ṣáájú òmìnira. Kò ju ẹni ọdún 52 lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ fi ìtàn rẹ̀ sínú ìwé tó ṣe lórí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa, èyí tó jáde ní 1992. Ẹ wá a kà. Bí ìyá àgbà yín kan bá sì ti sọ fún yín rí pé òun wo eré Adùnní tàbí pé òun gbọ́ ìwàásù rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ nínú ìwé àpéjọ tó ń bọ̀.