Katsushika Hokusai

Katsushika Hokusai (1760 – 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1849) jẹ́ ayàwòrán ọmọ orílẹ̀-èdè Japan. Òun ni ó ya Ìgbì Ńlá, ọ̀kan lára àwọn àwòrán tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù lọ ní àgbáyé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

A bí Hokusai ní ìlú Edo, tí à ń pè ní Tokyo lónìí. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ fífín pátákó tí a fi ń tẹ àwòrán. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 18, ó di ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Katsukawa Shunshō. Ó lo orúkọ tí ó lé ní 30 láyé rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Hokusai.

Iṣẹ́ rẹ̀

Ó ti tó ẹni 70 ọdún kí àwọn àwòrán òkè Fuji tí ó gbé orúkọ rẹ̀ ga tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ní nǹkan bí ọdún 1830. Mẹ́rìndínlógójì ni àkọlé wọn pè wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n di 46 nítorí pé àwọn ènìyàn fẹ́ràn wọn. Hokusai a ya àwòrán, agbẹ́gi a fín in sára pátákó, atẹ̀wé a sì fi àwọ̀ pa pátákó náà kí ó tó tẹ ìwé lé e. Ní ọdún 1839, iná jó ilé rẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sì ṣòfò, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ōi, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, ni ó ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ ogbó.

Àwọn àwọ̀ rẹ̀

Oríṣi búlúù méjì ni ó wà nínú Ìgbì Ńlá. Èkínní ni aró tí a ń rí lára ewéko. Ewéko Japan yàtọ̀ sí ẹlú tí àwọn aláró Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta fi ń pa àdìrẹ láró, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ó ń fún méjèèjì ní àwọ̀. Èkejì ni búlúù Prussia, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ìlú Berlin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún.

Ojú lásán lè má fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni gígé lára ìwé náà yóò bà á jẹ́. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i, wọn a sì fi ẹ̀rọ wo èyí tí ó padà, nítorí ọ̀nà tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà dá ìmọ́lẹ̀ padà yàtọ̀. Ìtànṣán X náà máa ń fi irin tí ó wà nínú búlúù Prussia hàn. Aró ewéko kò ní in. Ìmọ̀ yìí wúlò fún àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, nítorí pé àwọn àwọ̀ ewéko kan máa ń ṣá bí ìmọ́lẹ̀ bá pẹ́ lára wọn. Ẹni tí ó bá mọ àwọ̀ tí ó wà lára àwòrán ni ó lè mọ iye àkókò tí ó yẹ kí a fi pàtẹ rẹ̀.

Ikú rẹ̀

Hokusai kú ní Edo ní ọdún 1849. Wọ́n sin ín sí tẹ́ḿpìlì Seikyō-ji ní Asakusa. Àwọn àwòrán rẹ̀ dé Yúróòpù, Claude Monet sì wà lára àwọn ayàwòrán tí ó kó wọn jọ.