Bertha Benz

Bertha Benz (orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Cäcilie Bertha Ringer; a bí i ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1849, ó sì kú ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1944) jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ìyàwó àti alábàáṣiṣẹ́ Carl Benz tí ó ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ elépo. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìtàn mọ̀ pé ó wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn, láti Mannheim dé Pforzheim, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888. Nítorí pé ó jẹ́ obìnrin ni a ṣe sábà máa ń dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe nígbà tí ọkọ̀ náà kọ̀ tí kò lọ mọ́ ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò jù. Ó wá ibi tí àléébù wà, ó fi ohun tí ó wà lára rẹ̀ àti ọwọ́ àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ ojú ọ̀nà tún un ṣe, ó sì mú ìròyìn gbogbo ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó padà wá fún ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ náà.

Ìbí àti ìgbà èwe rẹ̀

Ìlú Pforzheim, ní ilẹ̀ Baden ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Jámánì, ni a ti bí Bertha. Bàbá rẹ̀, Karl Friedrich Ringer, jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà àti agbaṣẹ́ṣe ilé kíkọ́ tí ó rí jájẹ. Ìtàn tí a ń sọ nípa ìdílé náà ni pé bàbá yìí kọ ọ́ sínú Bíbélì ilé wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ ìbí Bertha, pé ó dun òun pé obìnrin ni ó tún dé. Ọmọ náà dàgbà, ó sì ka àkọsílẹ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì ilẹ̀ Baden kò tíì gba obìnrin wọlé ní ìgbà náà. Ọdún 1900 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ohun tí ó mọ̀ nípa ẹ̀rọ, inú ilé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ.

Ìgbéyàwó àti ilé iṣẹ́ tí kò tètè gbilẹ̀

Ní ọdún 1871, Carl Benz, tí ó ti di àfẹ́sọ́nà Bertha, àti ọkùnrin kan tí ń jẹ́ August Ritter dá ilé iṣẹ́ irin kékeré kan sílẹ̀ ní Mannheim. Kò pẹ́ tí àárín àwọn méjèèjì fi dàrú, owó tí Carl yóò fi ra ìpín Ritter kò sì sí. Bertha ní kí bàbá òun san ẹ̀tọ́ ìgbéyàwó òun fún òun ṣáájú ọjọ́. Kí òǹkàwé má ṣe fi èyí wé owó orí ilẹ̀ Yorùbá: ní Jámánì ìgbà náà, ìdílé ìyàwó ni ó máa ń fi owó àti ẹrù sin ọmọ wọn lọ sí ilé ọkọ. Owó yìí ni ó gba ilé iṣẹ́ náà là, ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1872 ni àwọn méjèèjì sì tó ṣègbéyàwó. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí: Eugen, Richard, Clara, Thilde àti Ellen.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e kò rọgbọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ọdún 1879 parí, lẹ́yìn oúnjẹ, Bertha rọ ọkọ rẹ̀ pé kí àwọn padà lọ gbìyànjú ẹ́ńjìnnì kan tí ó ti ń dà á láàmú. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ṣiṣẹ́, tọkọtaya náà sì dúró tì í fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní 1883, Carl àti àwọn oníṣòwò méjì dá ilé iṣẹ́ Benz & Cie. sílẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1886, ó béèrè fún ìwé àṣẹ olùhùmọ̀ lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan; nọ́ńbà ìwé náà ni 37435. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó lítà kan, agbára rẹ̀ kò tó ti ẹṣin kan, eré rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 16 lọ láàárín wákàtí kan.

Àwọn ènìyàn ń wá wòran ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n wọn kì í ra á. Ojú ohun ìṣeré tí ń pariwo ni ọ̀pọ̀ fi ń wò ó. Carl fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ kí iṣẹ́ tí kò tíì pé jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń tún un ṣe, ó ń tún un ṣe, kò sì gbé e jìnnà sí Mannheim. Bí ọdún méjì ti ń kọjá lẹ́yìn ìwé àṣẹ náà, ogún tí Bertha mú wá láti ilé bàbá rẹ̀ àti ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbàgbọ́ pé ó lè kúrò nínú ìlú.

Ìrìn-àjò ọdún 1888

Ní àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kan ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi, Bertha àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 àti Richard tí kò tíì pé 14, ti ọkọ̀ kan jáde kúrò ní ilé iṣẹ́ láìjẹ́ kí Carl mọ̀. Ilé ìyá rẹ̀ ní Pforzheim ni wọ́n ń lọ. Ọ̀nà náà gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 105. Kò sí ilé epo kankan, kò sí mẹkáníìkì, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin sì ni gbogbo ọ̀nà náà.

Epo ni ó kọ́kọ́ di ìṣòro. Ọkọ̀ náà kò ní táńkì lọ́tọ̀. Inú kábúrétọ̀ ni epo ń wà, kò sì gbà ju lítà mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ. Ligroin ni wọ́n ń lò, epo fífúyẹ́ kan tí à ń rí láti ara epo rọ̀bì, tí àwọn ènìyàn fi ń yọ àbàwọ́n lára aṣọ. Ilé àwọn apòògùn ni a ti ń rà á. Ní Wiesloch, Bertha yà sí ọ̀dọ̀ apòògùn ìlú náà, ó sì ra èyí tí yóò gbé wọn lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ilé òògùn náà ní ilé epo àkọ́kọ́ ní àgbáyé.

Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì kú nígbà tí epo ṣì wà nínú rẹ̀. Ibi yìí ni ọgbọ́n arábìnrin yìí ti hàn. Ẹ́ńjìnnì elépo kò lè ṣiṣẹ́ láìsí epo, afẹ́fẹ́ àti iná tí yóò ràn wọ́n. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú lójijì kò ní láti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí ó máa yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Bertha rí i pé ìdọ̀tí ti dí ihò tóóró tí epo ń gbà kọjá. Ó yọ abẹ́rẹ́ gígùn tí àwọn obìnrin ìgbà náà fi ń de fìlà mọ́ irun, ó fi ṣán ihò náà, epo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Lónìí fílítà ni ó ń gba irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àwọn onímọ́tò tí kì í pààrọ̀ rẹ̀ sì ni ọkọ̀ máa ń dákú fún lórí òkè, nígbà tí epo wà nínú táńkì.

Ìgbà mìíràn, ọ̀rọ̀ iná ni. Awọ tí ó bo wáyà iná ti bó, wáyà náà sì ń kan irin. Bí wáyà bá wà ní ìhòòhò báyìí, ara irin ni iná yóò gbà lọ, kò ní dé ibi tí ó yẹ kí ó ti ta. Bertha tú okùn rọ́bà tí ó fi de ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó sì fi wé ojú wáyà náà. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ń sọ èyí bí àwàdà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó dára jù ú lọ tí ó lè lò níbẹ̀: rọ́bà kì í jẹ́ kí iná kọjá, ó sì ń fún mọ́ ibi tí a bá wé e sí.

Omi kò fún wọn ní ìsinmi. Ọkọ̀ náà kò ní rédíétọ̀ bí ti òde òní. Omi tí ó yí ẹ́ńjìnnì ká ni ó ń tù ú, ó ń hó, ó sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Níbi kànga, odò tàbí ilé ìgbàlejò èyíkéyìí tí wọ́n bá kàn ni wọ́n ti ń bu omi sí i. Nínú ọkọ̀ ìsinsìnyí, inú ibi tí a dé pa ni omi ti ń yí po. Bí ó bá ń dín kù lójoojúmọ́, ó ń jò níbì kan tàbí ó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ó kàn ń bu omi lé e láìwádìí ń fi owó ẹ́ńjìnnì mìíràn pamọ́ fún mẹkáníìkì. Kí a má sì ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tí ó bá gbóná, nítorí omi náà á tú jáde lójijì, á sì bó ènìyàn.

Bí ọkọ̀ bá dé ibi òkè, agbára rẹ̀ kì í tó. Àwọn ọmọ náà á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á máa tì í. Ṣéènì tí ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣe ségesège, alágbẹ̀dẹ kan ní Bruchsal sì bá wọn tún un ṣe. Ìsọ̀kalẹ̀ ni ó tún burú jù. Pákó lásán ni bíréèkì náà, ìfọ́ra sì ti jẹ ẹ́. Ní abúlé Bauschlott, Bertha ní kí aránbàtà kan kan awọ mọ́ ojú pákó náà. Àtúnṣe yìí ni ó jẹ́ tirẹ̀ jùlọ nínú gbogbo ohun tí ó ṣe, nítorí ìrònú inú rẹ̀ ni pé kí ohun olówó pọ́ọ́kú máa jẹ, kí ohun olówó iyebíye lè pẹ́. Ìrònú kan náà ni ó wà nínú láínì àti páàdì bíréèkì títí di òní. Bí bíréèkì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí irin tí ń ha irin, awọ Bertha ti tán nìyẹn. Ẹni tí ó bá sì ń wà á lọ báyìí yóò fi irin tí kò yẹ kí ó jẹ dí i.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú ni wọ́n dé Pforzheim, Bertha sì fi tẹlígíráàmù ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n tún wa ọkọ̀ náà padà sí Mannheim.

Ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde

Ohun tí Bertha rí lójú ọ̀nà wọ inú iṣẹ́ Carl. Ó fi gíà kan kún ti tẹ́lẹ̀ fún gígun òkè, awọ bíréèkì náà sì di ohun tí ọkọ̀ ń bá jáde láti ilé iṣẹ́. Ní ọdún 1888 kan náà ni wọ́n fi ọkọ̀ náà hàn níbi ìpàtẹ ńlá kan ní Munich, wọ́n sì fún Carl ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé ìrìn-àjò yìí jẹ́ ìpolówó lásán yóò ní láti gbàgbé gíà àti bíréèkì náà.

Òwò gbèrú lẹ́yìn èyí, pàápàá lẹ́yìn tí Benz Velo jáde ní 1894. Carl kúrò nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́ ilé iṣẹ́ náà ní 1903, ìdílé náà sì kó lọ sí Ladenburg, níbi tí òun àti Eugen ọmọ rẹ̀ ti dá ilé iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní 1906. Nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 1925, ó jẹ́wọ́ pé ìyàwó òun nìkan ni ó dúró ti òun nígbà tí ohun gbogbo fẹ́ rì. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1929.

Bertha lo ọdún márùndínlógún sí i láyé lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó pé ẹni ọdún 95, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Karlsruhe, níbi tí Carl ti kẹ́kọ̀ọ́, fi oyè ọlọ́lá dá a lọ́lá. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìgbà náà ni ó kú, ní ilé rẹ̀ ní Ladenburg. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti fi àmì sí ọ̀nà tí ó gbà lọ àti èyí tí ó gbà bọ̀, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 194. Ère kan wà ní iwájú ilé òògùn Wiesloch, níbi tí ó ti ra epo.