Clessie Cummins: Ọkùnrin tó sọ ẹńjìnnì di bíréèkì lẹ́yìn tí ikú yẹ̀ lórí rẹ̀

Lóṣù Kẹjọ ọdún 1931, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Cajon, ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Clessie Cummins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi hàn pé ẹńjìnnì tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì lè gbé ọkọ̀ láti New York dé Los Angeles lówó pọ́ọ́kú.

Bí ọ̀nà ṣe ń dagẹ̀rẹ́, bíréèkì gbóná kọjá ààlà, kò sì mú ọkọ̀ mọ́. Ọkọ̀ ojú irin kan sì ń dábùú ọ̀nà nísàlẹ̀ òkè. Díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n kọlù ú, kí ìdí rẹ̀ tó kọjá tán.

Wọ́n dé Los Angeles láyọ̀. Dọ́là 11.22 péré ni gbogbo owó epo wọn. Àmọ́ Cummins kò gbàgbé òkè náà títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ta ni Clessie Cummins?

Ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, ọdún 1888 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Indiana. Kíláàsì kẹjọ ni ẹ̀kọ́ ilé ìwé rẹ̀ mọ, síbẹ̀ ọmọ ọdún 11 ni nígbà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹńjìnnì kékeré tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́.

Nígbà tó dàgbà, ó di awakọ̀ William Irwin, onílé ìfowópamọ́ kan nílùú Columbus. Ọ̀gá rẹ̀ rí ọgbọ́n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi owó ràn án lọ́wọ́ tó fi dá iléeṣẹ́ Cummins Engine sílẹ̀ lọ́dún 1919. Orúkọ yìí kan náà ló wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúnáwá àti ọkọ̀ àjàgbé ní Nàìjíríà lónìí.

Báwo ni ẹńjìnnì ṣe di bíréèkì?

Lẹ́yìn tí Cummins fẹ̀yìn tì ló padà sórí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún 1957, ọdún 26 lẹ́yìn ìjàm̀bá tó fò ó dá, ojútùú dé.

Nínú ẹńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, písítìnì máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, agbára afẹ́fẹ́ náà a sì tì í padà. Èrò Cummins ni pé kí fáàfù èéfín ṣí ní kété tí afẹ́fẹ́ bá ti fún pọ̀ tán, kí agbára náà bá ibẹ̀ jáde. Ohun tí ẹńjìnnì rẹ̀ fi ń ta epo síná ní àkókò náà gan-an ló lò láti ṣí fáàfù ọ̀hún. Bí ẹńjìnnì ṣe ń ṣe wàhálà láti fún afẹ́fẹ́ láì rí èrè rẹ̀ gbà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn.

Iléeṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é tà. Iléeṣẹ́ Jacobs ní ìpínlẹ̀ Connecticut ló gbé e jáde lọ́dún 1961, ìdí nìyí tí àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà fi ń pè é ní Jake Brake.

Ẹ̀kọ́ tó fi sílẹ̀

Bíréèkì ẹńjìnnì kò rọ́pò bíréèkì ẹsẹ̀. Ṣe ló ń gbà á lọ́wọ́ gbígbóná. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ ti fi ọkọ̀ sí jíà kékeré kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, nítorí bí ọkọ̀ bá ti sáré ju agbára lọ, jíà lè kọ̀ láti wọlé. Ẹni tó bá sì fi ọkọ̀ sí fíríì torí epo ti yọ ẹńjìnnì kúrò lára táyà, kò sí ohun tí yóò bá a fa ọkọ̀ sẹ́yìn mọ́. Nígbà tí òjò bá rọ̀ tí ọ̀nà ń yọ̀, kó yé lò ó, pàápàá bí ọkọ̀ bá ṣófo, nítorí táyà lè yọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Lọ́dún 2018, ọkọ̀ agbépo kan tí bíréèkì rẹ̀ kọ̀ jóná lórí afárá Otedola nílùú Èkó. Ẹ̀mí ṣòfò, iná sì jó ọkọ̀ tó lé ní 50.

Ọjọ́ 17, oṣù Kẹjọ, ọdún 1968 ni Cummins jáde láyé, lẹ́ni ọdún 79. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Díẹ̀ ló kù kí Cummins jìn. Ọgbọ́n tó rí kọ́ níbẹ̀ ṣì ń dá ọ̀pọ̀ awakọ̀ padà sílé.