Jòhánù Bosco Mímọ́ àti Àwọn Ọmọ Aláìgbọràn

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ẹ gbọ́ ìtàn ẹni tí ó bá ọmọ aláìgbọràn pàdé ju gbogbo wa lọ, tí kò sì gbẹ́kẹ̀ lé pàṣán.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1815 ni a bí Jòhánù Bosco ní Becchi, ní ilẹ̀ Ítálì. Kò tí ì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí baba rẹ̀ kú. Ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó lá àlá pé òun rí àwọn ọmọkùnrin tí ń sọ ọ̀rọ̀ òdì, òun sì kó ẹ̀ṣẹ́ bò wọ́n. Ọkùnrin ọlọ́lá kan dá a dúró, ó kìlọ̀ fún un pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni yóò fi jèrè wọn.

Ó gba oyè àlùfáà ní ìlú Turin ní ọdún 1841. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún náà, bí ó ti ń múra fún Mísà, ọmọ òrukàn kan, Bartolomeo Garelli, wọlé. Olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì ní kí ó wá ran àlùfáà lọ́wọ́ nídìí pẹpẹ. Nígbà tí ọmọ náà ní òun kò mọ̀ ọ́n ṣe, ó fi ọ̀pá lé e jáde. Jòhánù bá a wí, ó ní kí ó pe ọmọ náà padà, nítorí ọ̀rẹ́ òun ni. Láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan yìí ni iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1859 ó dá ẹgbẹ́ Salesian sílẹ̀.

Ní ọdún 1877 ó kọ ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan a ṣe òfin, wọn a máa ṣọ́ ẹni tí yóò rú u, wọn a sì jẹ ẹ́ níyà. Òun fẹ́ kí olùkọ́ wà láàárín àwọn ọmọ bí baba, ní kíláàsì àti ní pápá ìṣeré, kí ó máa rán wọn létí òfin kí ẹsẹ̀ wọn tó yọ̀. Ó kọ̀ fún olùkọ́ láti lu ọmọ, láti fà á létí, tàbí láti mú un kúnlẹ̀ nínú ìrora. Ó ní kí a bá a wí ní ìkọ̀kọ̀, kí ojú má baà tì í lójú ẹgbẹ́. Ọmọ tí ó mọ̀ pé a fẹ́ràn òun, bí a bá fajú ro sí i, yóò dùn ún ju ìgbájú lọ.

Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1888; Ìjọ kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní ọdún 1934.

Mo jẹ́wọ́ pé èmi náà ti lé ọmọ aláriwo kan jáde rí nínú kíláàsì katikísìmù. N kò pè é padà. Òun náà kò sì padà wá mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí ń da kíláàsì yín rú, ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tí ń bọ́ ọ nílé? Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra, kí ó tó rìn jìnnà.