Storey àti Ààbò Ara Pákí

Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń mu gàrí ní Ṣàngó, Ìlọrin, tí kò gbọ́ orúkọ Harold Haydon Storey rí. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni. A bí i ní 1894, ọdún náà gan-an tí Warburg, ará Jámánì, kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àrùn tí ń mú ewé pákí hunjọ. Ó ṣiṣẹ́ lórí àrùn àgbàdo ní Gúúsù Áfíríkà kí ó tó lọ sí Amani, ní ilẹ̀ Tànsáníà òde òní.

Ohun tí ó jọ mí lójú ni pé ara igi fúnra rẹ̀ ni ó gbójú lé. Òun àti Nichols da pákí pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ kan tí oje rẹ̀ ń di rọ́bà, wọ́n sì ń dá ọmọ wọn padà sọ́dọ̀ pákí léraléra. Àrùn lè wọ irú igi bẹ́ẹ̀ o! Ṣùgbọ́n yóò há a mọ́, kò ní jẹ́ kí ó tàn dé gbogbo ẹ̀ka, débi pé èyí tí a bá gé gbìn lára rẹ̀ lè hù láìní àrùn.

Storey kú ní 1969. Irúgbìn Amani ti dé Moor Plantation, Ìbàdàn, ṣáájú ìgbà náà. Ibẹ̀ ni a ti ṣa 58308, èyí tí IITA fi bí TMS 30572.